Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Máa Bá Ọkọ̀ Sọ̀rọ̀ Lójú Òkun Ìlàjẹ

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó ti sọ títí tó fi di ìdáhùn sí ohun gbogbo: "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Olùkọ́ á ní òun kò lè fi èsì ìdánwò ránṣẹ́, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oníbáǹkì á ní kí a padà wá lọ́la, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, kálukú á panu mọ́, bí ẹni pé òjò ló ń rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ta ko gbólóhùn náà. Irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ibi tí irọ́ náà sì ti lè pa ènìyàn ni ojú òkun wa ní Ìlàjẹ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó máa ń fi yangàn pé kò sí ìpínlẹ̀ tí etíkun rẹ̀ gùn tó tiwa ní Nàìjíríà. Igbókòdá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, a lè dé Ayétòrò, ìlú tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkun sì ti gbé apá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ báyìí. Irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń gbéra ní ìdájí, tí wọ́n ń wá ẹja tí a ń rà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. A mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja náà. Àwa tí à ń jẹ ẹ́ kì í sábà béèrè bí ẹni tó pa á ṣe padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo apẹja kan. Ó di fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Bí ó ti ń jìnnà sí èbúté ni ìlà tó wà lójú fóònù ń dín kù, títí ó fi tán pátá. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Bí a ṣe sábà máa ń lo GSM, nǹkan bíi kìlómítà 35 ni fóònù lè fi jìnnà sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jù lọ. Lójú ayé, kì í tó bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń gbé sókè sódò. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kú. Ó fà á títí, kò jí. Ìyàwó rẹ̀ nílé kò mọ̀. Ó ń retí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò dé, á ní bóyá ẹja ló pọ̀. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó tó figbe ta.

Ẹ wo ohun tí ìdúró yẹn fà. Ká ní omi ń gbé ọkọ̀ náà lọ ní kìlómítà 2 láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí a kò sì mọ ìhà tó gbé e gbà. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ni a gbọ́, tí a sì mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kú, ọkọ̀ náà kò lè kọjá kìlómítà 6 sí ibẹ̀. Ibi tí a ó wá a dé kò ju nǹkan bíi kìlómítà 113 níbùú lóròó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, á lè jìnnà tó kìlómítà 48, ibi tí a ó sì wá a dé á fẹ̀ ju kìlómítà 7,200 níbùú lóròó lọ. Ìyẹn súnmọ́ ìdajì gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èyí jẹ́ bí a bá tilẹ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ o. Ta ni yóò wá ènìyàn kan nínú ọkọ̀ kékeré kan lórí omi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tó dùn mí jù ni pé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn kú, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ mìíràn ti kọjá lápá ọ̀tún rẹ̀ ní kìlómítà 7 tàbí 8, tó ń padà bọ̀ wálé. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò rí i, kò sì gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹyẹ nìyẹn. Kí ni àwáwí àwa ènìyàn?

Ibi tí mo ń lọ ni pé a ti gbà pé bí ọ̀nà kò bá já tààrà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí, lẹ́sẹ̀ kan náà, ọ̀nà kò sí rárá. Àwọn baba ńlá wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pa àrokò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ fún ẹnì kejì tó wà ní ìlú òkèèrè pé ọkàn òun fà sí i, ó lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, nítorí ẹ̀fà ló ń fi fífà hàn. Yóò fi lé ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni yẹn lè má dé ìlú náà. Ó lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọjà tó wà láàárín ọ̀nà. Àrokò lè sùn lójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sọnù. Kò sí ìgbà kan tí ọ̀nà là gbọọrọ láti ẹnu ẹni tó ránṣẹ́ dé etí ẹni tó gbà á, síbẹ̀ iṣẹ́ náà jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ayélujára ń kọ́ lónìí. Ní ọdún 1998, Vint Cerf, ọ̀kan nínú àwọn tó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe dé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, níbi tí ìsọfúnni ti ń pẹ́ lójú ọ̀nà, tí pílánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sì máa ń dí ọ̀nà nígbà tó bá yí. Ní ọdún 2003, Kevin Fall kọ ìwé lórí bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe lè wúlò fún àwọn ibi ìnira nínú ayé wa níbí. Ní ọdún 2007, wọ́n tẹ òfin ìlò rẹ̀ jáde. Láti ọdún 2016 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ibùdó ńlá tí àwọn orílẹ̀-èdè jùmọ̀ kọ́ sí òfúrufú. Kókó rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: gbà á, gbé e, fi jíṣẹ́. Bí ọ̀nà kò bá sí nísinsìnyí, má ṣe ju iṣẹ́ náà nù bí íntánẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ ṣe ń ṣe. Fi í pamọ́. Bí o bá pàdé ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀, fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí Ìlàjẹ. Kí a fi àpótí kékeré kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bátìrì wà nínú rẹ̀ tí oòrùn ń gba agbára sí, GPS tó mọ ibi tí ọkọ̀ wà, rédíò kékeré kan, àti ibi ìpamọ́ ìsọfúnni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra, àpótí náà á kọ nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tó wà, àkókò, àti ọ̀rọ̀ kan péré: "àlàáfíà" tàbí "ẹ gbà wá". Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju àmì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tó ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀, ó tún lé. Bí ọkọ̀ méjì bá súnmọ́ra, àpótí méjèèjì á kí ara wọn: "Kí lo ní tí èmi kò ní?" Wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé Ayétòrò tàbí Igbókòdá á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀rọ tó wà ní èbúté, tòun ti iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ tí kò tíì dé. Iṣẹ́ tó bá ti jẹ́, èbúté á kéde pé òun ti gbà á, kí àwọn yòókù lè pa á rẹ́. Èyí tó bá ti pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ á pa ara rẹ̀ rẹ́.

Báwo ni rédíò náà á ṣe jìnnà tó? Ayé rí róbótó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi dà bí ẹni pé ó ń rì bí ó ti ń jìnnà sí wa. Bí òpó eriali bá ga ní mítà 2 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gbọ́ ara wọn dé nǹkan bíi kìlómítà 11 kí yíyí ayé tó dí wọn. Bí òpó tó ga ní mítà 30 bá wà ní èbúté, á gbọ́ ọkọ̀ tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 28. Bí ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn bá tò tẹ̀lé ìyẹn, tí ọ̀kan jìnnà sí ìkejì ní kìlómítà 10, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á ti ibi tó lé ní kìlómítà 50 wá sílé. Bí wọn kò bá tilẹ̀ tò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé á gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn rẹ̀ wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àkọ́kọ́ á ní: "Sátẹ́láìtì ti dé. Starlink ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Kí la ń fi àpótí ṣe?" Èmi kò bá sátẹ́láìtì jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ apẹja kékeré náà dáadáa. Níbo ni iná tí yóò máa gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru yóò ti wá? Ta ni yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù ní ìgbà tí ẹja kò sí? Pabanbarì rẹ̀ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Ní ọjọ́ kan náà, iṣẹ́ báǹkì àti ti íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí a fi ẹ̀mí apẹja kọ́?

Àwọn kejì á ní: "Òfin àgbáyé ti ṣètò èyí." Òótọ́ ni pé òfin wà. Nígbà tí Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, tí ó lé ní 1,500 ènìyàn tó kú, ọkọ̀ Californian wà nítòsí, ó sì ní rédíò; ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lò nínú ọkọ̀ náà ti lọ sùn. Carpathia tó jìnnà jù ú lọ ló gbọ́, òun ló sì wá kó àwọn tó yè. Èyí ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ààbò ẹ̀mí lójú òkun ní ọdún 1914. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1999, ètò ìbánisọ̀rọ̀ ìgbà ewu ti di dandan fún ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù tí ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 300 tó ń lọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ tún ń kéde ibi tó wà ní ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 10 síra nígbà tó bá ń rìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ baba Ìlàjẹ kò tó tọ́ọ̀nù 300. Òfin náà fò ó. Ọkọ̀ epo ńlá tó ń kọjá lọ lókèèrè mọ ibi tí ọkọ̀ epo mìíràn wà. Kò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú òkùnkùn níwájú òun.

Àwọn kẹta á ní: "Iṣẹ́ tó ń pẹ́ kí ó tó dé kò wúlò fún ẹni tó ń rì." Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú. Ẹni tí omi ti bò mọ́lẹ̀ nísinsìnyí, àpótí mi kò lè gbà á. Ẹ̀wù ìléfòó àti ẹni tó wà nítòsí ló lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìpè "ẹ gbà wá" máa dún nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá gbọ́ ọ, kí ẹni tó súnmọ́ ọn yà sí i, kó má dúró de èbúté. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe gbogbo ewu òkun ló ń pani lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kú, epo tó tán, ọkọ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀: wákàtí ni ìwọ̀nyí fi ń pani. Ìròyìn tó pẹ́ wákàtí mẹ́ta sàn ní ìlọ́po 64 ju èyí tó pẹ́ ọjọ́ kan lọ, bí a bá fi ibi tí a ó wá dé wọ̀n ọ́n.

Àwọn kẹrin ni mo bẹ̀rù jù, nítorí àwọn apẹja fúnra wọn ni. Wọ́n á ní: "Bí àpótí bá ń sọ ibi tí mo wà, olè ojú omi á mọ̀. Ẹni tí à ń jọ pẹja á sì mọ ibi tí ẹja mi wà." Wọn kò jayò pa. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó gbé àrokò kì í sábà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí a fi kọ́kọ́rọ́ ìsọfúnni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pa, kí ọkọ̀ tó gbé e má lè kà á, kó jẹ́ pé ẹ̀rọ èbúté nìkan ló lè ṣí i. Ìpè ewu nìkan ni kí ó wà ní gbangba. Kí kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn apẹja fúnra wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́. Bí a kò bá lè ṣèlérí èyí fún wọn, kí a má dá a lábàá rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ń ní àlá lásán ni, kí ó wo ìgbèríko Ratanakiri ní orílẹ̀-èdè Kàǹbódíà. Ní ọdún 2003, ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà íntánẹ́ẹ̀tì kiri àwọn ilé-ìwé níbẹ̀. Nígbà náà, ọ̀kadà á kọjá níwájú ilé-ìwé, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gba lẹ́tà àwọn ọmọ, á fi tiwọn sílẹ̀, á sì gbé e lọ sí ìlú tí sátẹ́láìtì wà. Ní Kerala ní Íńdíà, àwọn olùwádìí yunifásítì ti gbé rédíò Wi-Fi alágbára sínú ọkọ̀ apẹja, kí ọkọ̀ kan lè máa ti ọ̀rọ̀ ìkejì lọ sí etíkun. Apẹja bíi tiwa ni wọ́n.

Nígbà náà, kí ló kan àwa ọmọ orí òkè? Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ nípa òkun níbẹ̀. Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Olúṣẹ́gun Àgágù wà ní Òkìtìpupa, nítòsí omi. Ibùdó Ológun Ojú Omi wà ní Igbókòdá. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju agbára àwọn wọ̀nyí lọ: kí yunifásítì méjèèjì bá ẹgbẹ́ apẹja jókòó, kí wọ́n fi ogún ọkọ̀ dán an wò ní èbúté kan, kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé òpó kan dúró níbẹ̀, kí àwọn ológun ojú omi jẹ́ ẹni tí ìpè ewu yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá kùnà, kí wọ́n sọ ohun tó fà á fún wa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà, ẹ má fi mọ sí bí a ṣe ń tẹ̀wé àti bí a ṣe ń ṣí Facebook. Ẹ fi okùn, ìwé pélébé àti ọmọ kíláàsì mẹ́wàá tó ń rìn kiri pápá kọ́ wa bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀. Kò gba iná, kò sì gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá tún ra ẹja lọ́jà, ẹ bi ẹni tó tà á bóyá àwọn tó lọ sójú òkun ti dé.

Ẹgbẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bi í léèrè: ta ló ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀? Bí a bá rí ẹni tó ń lọ, ọ̀nà wà. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ lójoojúmọ́ ní Ìlàjẹ. Àwa ni a kò tíì fi iṣẹ́ rán wọn.